Jíà Kejì ní Òkè Ẹ̀fọ̀n

Bùsúyì mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ ọ́,
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ádó, lójú ọ̀nà Ìyìn.
Ó fi ìka kan ọ́ìlì jíà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní:
"Ọ́tò yìí ò gọ̀, àmọ́ kò lójú.
Kò rí òkè. Ìwúwo nìkan ló ń gbọ́.
Ìwọ ni kó o bá a ríran."

A so ulé onítáyà mọ́ ìdí ọkọ̀.
Ulé ni Màmá ń pè é, ahọ́n Èkìtì tí kò bọ́ lẹ́nu rẹ̀
fún ọdún méjìdínlógójì nínú aṣọ funfun agbẹ̀bí.
Bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù olójú méjì,
kẹ́ẹ̀gì omi, ike gààrí,
fèrèsé tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin lọ.
Ó fẹ́ sùn ní gbogbo ìlú tí ìjọba ti gbé e lọ rí,
"kí n lè jí bí mo ṣe ń jí nígbà yẹn."
Mi ò bi í léèrè ìtumọ̀.

Ìyìn rọrùn. Ìgèdè rọrùn.
Lẹ́yìn Aramọ́kọ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èjìká sókè.

Jíà kẹrin. Ó já sí kẹta. Ó padà sí kẹrin.
Kẹta. Kẹrin. Kẹta,
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tó fẹ́ rà,
ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó tún lọ.
Abẹ́rẹ́ ooru ń gun òkè tirẹ̀ níwájú mi.
Òórùn bí ẹ̀wà tó jóná wọ inú ọkọ̀.
Mo sì tún tẹ iná mọ́lẹ̀, torí ìtìjú,
kí bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn má baà fọn fèrè sí mi.

"Má tíì tì í," ni Màmá wí.
Ohùn yẹn! Èmi nìkan kọ́ ló ń bá wí.
"Fà á wálẹ̀. Jẹ́ kó ké."

Mo fa ọwọ́ jíà wá sí kejì.
Ẹ́ńjìnì bú ramúramù,
mo ní nǹkan ti fọ́.
"Igbe ìrọbí kọ́ ni igbe ikú,"
ó ń bó ọsàn, èèpo rẹ̀ ò já.
"Èyí tó bá dákẹ́ ló máa ń dẹ́rù bà mí."

A ń gòkè bí ìgbín tó mọ̀ pé ilé òun lòún rù.
Bọ́ọ̀sì fọn fèrè, ó kọjá.
Ọmọ kan juwọ́ sí ulé wa, kì í ṣe sí wa.
Abẹ́rẹ́ ooru dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Nígbà tá a dórí òkè, mo nawọ́ láti dá jíà padà.
Màmá gbá mi lọ́wọ́:
"Jíà tó gbé ọ gòkè ni kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀."
Bùsúyì ti sọ èyí! Mo ti gbàgbé.
Òun tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tó ṣe bí ẹni tó ń tòògbé,
òun ló gbọ́.

Ulé ń tì wá láti ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnì ń fà á ní aṣọ.
Mo kàn ń fọwọ́ kan bíréékì ni, kí n tó fi í sílẹ̀,
bí a ṣe ń fọwọ́ kan orí ọmọ tó ń ṣe ibà.
Páànù ilé Ẹ̀fọ̀n yọ nísàlẹ̀, pupa rúsúrúsú.

A páàkì sẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí àtijọ́.
Télọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí.
Ẹ́ńjìnì ń tutù, ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Aago mẹ́rin òru, mo bá a ní ìjókòó létí bẹ́ẹ̀dì,
bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ dáadáa,
etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Kò sẹ́ni tó wá kanlẹ̀kùn."

Mo gbé omi kaná.