Ẹ̀rù Ìṣẹ́jú Kan

Ìṣẹ́jú kan péré, mo ní, kò gbọdọ̀ lé.
Fóònù mẹ́rin ló wà láàárín ọmọ mọ́kàndínlógún,
ojú ọ̀kan ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.
Ẹ lọ ya ohun tó ń dẹ́rù bà yín wá.
Ẹ má ya iwin. Iwin ti sú mi.

Lọ́jọ́ kejì Múfútáù gbé tòmátò inú agolo dé,
ó fi kun ọrùn, ó fi aṣọ ìbùsùn ìyá rẹ̀ borí,
ó ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn.
A rẹ́rìn-ín títí olùkọ́ ìṣirò fi yọjú.
Lọ́sàn-án ni ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ dé, nítorí aṣọ náà,
ẹ̀rù Múfútáù wá di ojúlówó.
Mo ní: ìyẹn gan-an! Ta ló ya á?
Kò sẹ́ni tó ya á.

Mo kọ ọ́ sára pátákó: ẹrù, ẹ̀rù.
Àmì kékeré kan ló yà wọ́n.
Ọ̀kan, wọ́n lè bá ọ sọ̀ ọ́;
èkejì, ìwọ nìkan ni wàá rù ú délé.

Ẹ̀yin ọmọ ìjàkadì, mo ní,
ẹni tó dojú kọ ọ́ kọ́ ló ń gbé ọ ṣánlẹ̀,
ẹni tó ti wà lẹ́yìn rẹ kí o tó dé ni.
Ẹ gbé kámẹ́rà dúró sójú kan. Ẹ má sáré.
Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí.
Ohun tí ẹ kò bá fi hàn,
òǹwòran á lọ wá a nínú ilé tirẹ̀, á sì rí i.

Wọ́n ń jẹ ànàmọ́ sísun, wọ́n ń lá ìka.
Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́.

Kúbúrátù kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.
Ọjọ́ Ẹtì ló na fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí mi.

Ibùdókọ̀ rélùwéè Ọ̀fà. Ìrọ̀lẹ́. Ọyẹ́.
Koríko ti hù láàárín irin méjèèjì.
Bàbá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó kẹ̀yìn sí wa.
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan.
Ogún. Ewúrẹ́ kan ń jẹ koríko.
Bàbá dìde, ó tọ́ fìlà,
ó na àsíá kan sókè, àwọ̀ ewé tó ti ń di eérú.
Kò sí ọkọ̀ ojú irin. Mi ò gbọ́ fèrè.
Ewúrẹ́ náà sá.
Bàbá bọ́ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń fún èrò láàyè,
ó ń mi orí: ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀, ẹ rọra.
Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì sókè,
ó bá ẹnì kan tí a kò rí sọ ẹrù.
Orúnkún rẹ̀ yẹ̀.
Ẹrù náà wúwo.

Ibẹ̀ ló parí sí. Ìṣẹ́jú kan géérégé.

Múfútáù di apá mi mú, kò mọ̀ pé òun dì í mú.
Mo ní kí Kúbúrátù tún fi hàn mí. Ó tún fi hàn.
Fìlà yẹn. Èmi ni mo rà á, Iléyá tó kọjá.
Títí dìgbà yẹn, "ó" ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi.
Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n máa ń ní àwọn ń lọ nírọ̀lẹ́.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi na àsíá fún rélùwéè,
owó ìfẹ̀yìntì wọn kò tíì dé.

"Tíṣà, ṣé ó bà yín lẹ́rù?"
Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.
Mo yọ ọ̀kan, mo ní ìmọ́lẹ̀ kò tó.

Lálẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà.
Mo jẹ́ kí ilẹ̀kùn pẹ́ díẹ̀ kí n tó ṣí i.
Wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan,
wọn kò tì í.
Èmi náà bọ́ sẹ́yìn.
Mo na ọwọ́ méjèèjì.