Ẹsẹ̀ Iwájú

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń ṣe é.
Ẹ́ńjìnnì ṣì ń hó kùtùkùtù bí ìkòkò ẹ̀kọ.
Ó gbé mi dé Ìdànrè, ó gbé mi dé Ṣakí
lọ́dún tí òjò kò jẹ́ kí a rí ojú ọ̀run,
pẹ̀lú àpótí ìrìn àjò méjì tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ìdúró ni alùpùpù mi kò mọ̀ mọ́.

Bí mo bá fún bíréèkì iwájú pẹ́nrẹ́n,
yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀,
gbọọrọ, bí ọkọ ìyàwó tó ṣèèṣì pàdé àna rẹ̀,
síbẹ̀ kò ní í dúró:
yóò máa kí ilẹ̀, yóò máa kí i lọ,
títí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ìdí mọ́tò ẹlòmíràn.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó ló tú àṣírí.
Mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní Bẹẹrẹ lẹ́yìn òjò,
òbúkọ kan dúró sí àárín ọ̀dà, ó ń jẹ páálí.
Mo fún bíréèkì. Mo tún un fún.
Òbúkọ gbójú sókè, ó wò mí
bí akọ̀wé báńkì ti ń wo ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù sódì,
ó gbé páálí rẹ̀ sẹ́nu, ó kúrò lọ́nà.
Òun ló yà fún mi.
Mo jókòó sẹ́bàá títì, orúnkún mi ń gbọ̀n,
èmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

"Tà á," ni Àsàbí wí. Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé e tọ Làmídì lọ ní Agodi Géètì,
Làmídì tí kì í sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ tẹ nǹkan.
Ó tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ó jẹ́ kó dìde,
ó nu ọ́ìlì tó ń sun létí síìlì, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Bàbá, sípíríìnì yín ti rẹ̀.
Dísìkì yín ti fẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ.
Ẹni tó kọ́ eré tí kò kọ́ ìdúró,
ògiri ni yóò parí ẹ̀kọ́ fún un."

Ọjọ́ mẹ́rin la fi wá ẹsẹ̀ ní Àràròmí,
láàárín òkìtì irin tí a ń fò bí ebè,
kí a tó rí ti alùpùpù ọmọdé kan
tí wọ́n kọ lù láti ẹ̀yìn, tí iwájú rẹ̀ ṣì ń dán.
Ó sanra ju ihò tí yóò wọ̀ lọ.
Fẹ̀hìntọlá oníléètì fa irin ìwọ̀n yọ nínú gèlè,
ó yí búùṣì tuntun fún wa;
irin ń ká jáde lókòtó, lókòtó, bí irun orí ọmọ tuntun.

Ẹnu méjì tó ń bu dísìkì jẹ di mẹ́rin.
Okùn rọ́bà àtijọ́, tó ń wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́
nígbàkúùgbà tí mo bá fún bíréèkì, a sọ ọ́ nù,
a fi èyí tí wọ́n hun wáyà mọ́ lára rọ́pò.
Mónsúrátù ọmọ iṣẹ́ ń tẹ̀, ó ń dì í mú, ó tún ń tẹ̀,
atẹ́gùn ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọ́ìlì,
bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa irọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo tún gun Mápó.
Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìka méjì péré.
Ó dúró.
Kò kúnlẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀,
ó kàn tẹrí ba díẹ̀ bí ìjòyè tó ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀.
Mo wá òbúkọ ọjọ́sí kí n fi hàn án, n kò rí i.
Mo ṣì dúró síbẹ̀,
títí oní-Márúwá ẹ̀yìn mi fi fọn fèrè:
"Bàbá! Kí lẹ dúró fún?"

Àsàbí kò sọ̀rọ̀ títà mọ́.
Ó ti ri ẹsẹ̀ àtijọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
ó ta okùn láàárín wọn, ó ń sá aṣọ.
Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, wọ́n ṣì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀.