Ilà Ara Púlì

Ní Windsor, létí odò tó la orílẹ̀-èdè méjì láàárín,
Lucien Charbonneau ṣí gáréèjì rẹ̀ fún mi.
Ó ní, "Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ni bàbá rẹ ń tún ṣe jẹun. Wá wo èyí."
Pontiac ni, wọ́n rọ ọ́ ní 1965.
Odile ìyàwó rẹ̀ ló ni ín.
Òjò dídì ti bo sàréè Odile lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ náà ń wúkọ́. Ó ń yìnbọn láti ẹnu sàlẹ́ńsà,
ajá àdúgbò ń sá fún ìbọn tí kò lọ́ta.

Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí,
òtútù sìmẹ́ńtì gba inú páálí wọ egungun ẹ̀yìn mi.
Gíríìsì, iyọ̀ títì, ìpáàrà:
wọ́n dì mọ́ púlì bí èépá ojú egbò.
Mo fi kẹrosíìnì rẹ àkísà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á.
Mo ha, mo nù, mo tún ha.
Ilà kan yọjú, tín-ín-rín,
bí ìgbà tí èékánná bá fa ara ọṣẹ.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún.
Lucien pàtẹ́wọ́.
Mo ní kó ṣì ní sùúrù.

Bàbá mi a máa sọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ọ́wọ̀ pé
ilà ò mọ irọ́ í pa,
ojú tí a kọ ọ́ sí ló lè kúrò nípò.
Róbà ló so irin inú púlì mọ́ irin òde.
Ọgọ́ta ọdún ti jẹ róbà yìí gbẹ bí ẹran orí àjà,
irin òde bá ń yọ́ rìn díẹ̀díẹ̀,
kò dágbére fún irin inú,
tòun ti ilà tó rù.

Mo tú plọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, mo fi irin dí ojú ihò
kí písítìnì má lè dé òkè.
Mo yí ẹ́ńjìnnì sọ́tùn-ún: kọ̀. Mo sàmì.
Mo yí i sósì: kọ̀. Mo sàmì.
Mo ní kí Lucien wá nǹkan tí a lè fi wọn ohun róbótó.
Téèpù tí Odile fi ń ránṣọ ló mú wá.
Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì ni òkè gan-an wà.
Ilà àtijọ́ fi ìbú àtàǹpàkò kan jìnnà sí i.

Mo mú fáìlì. Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Mo rántí ìyá tó bí ìyá mi, àbàjà mẹ́fà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ọ̀kan wọ́, ó ní òun ló mirí.
"Di púlì mú, Lucien, má jẹ́ kó mirí."
Bàbá arúgbó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

A pa iná gáréèjì. Ó yí kọ́kọ́rọ́.
Iná táímìnì ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú;
púlì ń pòòyì,
síbẹ̀ ilà tuntun dúró gbagidi
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójijì.
Mo yí dísítíríbútọ̀ bí ìwọ̀n irun
títí ó fi bọ́ sí ìwọ̀n mẹ́rin ṣáájú òkè.
Ikọ́ dá.

"Ti àtijọ́ ńkọ́? Ká pa á rẹ́?"
Mo ní rárá, mo kàn nu ṣọ́ọ̀kì ojú rẹ̀ kúrò.

Lucien ò jókòó sídìí ọkọ̀.
Ó yí gba iwájú kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì,
ó wọlé síbi tó ti máa ń jókòó,
ó ní kí n gbé òun dé etí odò.
Mo ṣì ń wá ibi tí jíà wà.