Kọ́kọ́rọ́ Obe-Lúwà

Ní Alágbàká, nídìí ẹ̀rọ tí ń da ìwé kọ,
lẹ́tà ìsinmi mẹ́rìndínlógún ni mo ti dà kọ láti àárọ̀.
Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń lọ wo ọmọ ní Jọ́ọ̀sì,
òmíràn ní òun kàn fẹ́ lọ sùn.
Mo ń gba owó, mo ń to bébà,
ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lábẹ́ ìdérí ẹ̀rọ
bí oòrùn tó yọ lórí ọ̀sà, tó sì wọ̀ kíá.
Ibẹ̀ lọkàn mi ti máa ń já lọ.

Ẹ jẹ́ n ka ọ̀nà náà sókè, kí n má baà gbàgbé:
Àkúrẹ́ sí Oǹdó, Oǹdó sí Òrè,
Òkìtìpupa, níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń dágbére fúnni,
Igbókọ̀dá, níbi tí títì kú sí.
Mésàgán a fa okùn Yàmáhà lẹ́ẹ̀mẹta,
lẹ́ẹ̀kẹrin a bú u,
ẹ̀rọ a sì gbọ́.

Ọdún méje ni mo fi lọ, nínú ọyẹ́,
ọjọ́ mẹ́wàá péré lọ́dọọdún.
N kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí,
ẹ̀gbẹ́ àpáta ni wọ́n bí mi sí,
omi tí mo mọ̀ kò ju odò Àlà lọ,
èyí tí ọ̀rá ti fún lọ́rùn.
Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé afárá pákó,
Ìyá Orímísàn yọjú láti inú èéfín ẹja, ó ní,
“O mà pẹ́ kó o tó dé,”
bí ẹni tó ti ń retí mi kí wọ́n tó bí mi.

Pupuru gbígbóná. Ọbẹ̀ màrúgbó tó dúdú bí òru.
Edé tí mo bó títí ọwọ́ mi fi ń rùn dé Àkúrẹ́,
n kò fọ̀ ọ́ dáadáa, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.
Lóru, omi a máa bá òpó ilé sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹní mi,
ọ̀rọ̀ tí kì í parí, tí kì í bèèrè èsì.
Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sẹ́ni tó lè pè mí
pé bébà ti tán, pé onílé wá.

Lọ́dún kẹta, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn lé mi lọ́wọ́.
“Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe àlejò.”
Inú agolo mílíìkì ló ń gbé, lójú fèrèsé mi ní Ìjọ̀kà;
afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ ẹ́ létí.

Lóṣù Ẹ̀bìbì, Mésàgán pè.
Ó bèèrè iṣẹ́, ó bèèrè ara, ó bèèrè òjò Àkúrẹ́,
mo ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ wúwo.
Ó ní òkun wọlé. Ó ní kì í ṣe àbẹ̀wò.
Ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ilé ìwé tẹ̀ lé e.
Yàrá ẹ̀yìn? Ó dákẹ́. Ó ní òpó méjì ló kù,
lékèélékèé ń bà lé wọn.
Ìyá Orímísàn wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Òkìtìpupa,
kì í rí oorun sùn;
ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ dákẹ́ jù.

Lónìí, nígbà tí oníbàárà dín kù,
mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí gíláàsì ẹ̀rọ,
mo sì tẹ bọ́tìnnì.
Ó jáde ní dúdú lórí funfun,
pẹ̀lú eyín rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ìpatà ti jẹ ẹ́.
N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Mo kọ déètì sí i lẹ́yìn, oṣù Ọ̀pẹ,
mo kọ “ọjọ́ mẹ́wàá”.
Ta ni yóò buwọ́ lù ú fún mi?

Obìnrin kan ń kan tábìlì:
“Ọ̀gá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?”
Mo ní, “Mo ń bọ̀.
Mo ń bọ̀.”