Èéfín Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Rasmus, ọmọ Linda, wọlé.
Gbọn yìnyín ara bàtà rẹ dànù, jókòó, tíì ń hó.
Ẹni tó rán ọ níṣẹ́ lò ń bẹ̀rù,
o ò bẹ̀rù èmi tí wọ́n rán ọ sí. Kò burú.

O mọ àṣà wa ní Vọ́rù níhìn-ín:
bí a bá ń gbé òkú lọ sí itẹ́,
a máa ń dúró ní ìkòríta tó kẹ́yìn,
ọmọkùnrin kan nínú ẹbí á yọ ọ̀bẹ,
á gbẹ́ àgbélébùú sára igi páínì,
kí òkú má baà ṣìnà padà wálé,
kó lè ríbi fẹ̀yìn tì.

Igi Evald ọkọ mi ni kẹrìnlá láti ọ̀tún.
Kalju ọmọ wa ló gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n,
ẹsẹ̀ àgbélébùú náà wọ́ díẹ̀.
Nígbà tí oje bẹ̀rẹ̀ sí í ro, mo ní igi ń bá wa sunkún.
Kalju ní, "Ìyá, oje ni."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ẹ̀rọ yín dé,
ọlọ́wọ́ gígùn, eléyín ayùn.
Ó gbá igi mú lọ́rùn bí ológbò ṣe ń gbá eku mú.
Kí n tó ka ogún,
igi ọgọ́fà ọdún ti sùn.
Wọ́n ní awakọ̀ ò rí àmì kankan.
Ó lè jẹ́ òótọ́.
Èèpo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojú ọgbẹ́ náà dé.

Uku, ọmọ-ọmọ mi, ti ka ìwé yín sí mi létí:
"Agbára aláwọ̀ ewé."
Ó ní ẹ̀ka àti ẹ̀rúnrún nìkan lẹ̀ ń ṣà.
Mo fẹsẹ̀ rìn dé àgbàlá yín, Rasmus.
Òpó ni mo bá níbẹ̀,
òpó tó lè gbé àjà ṣọ́ọ̀ṣì ró,
tí ẹ fẹ́ lọ̀, tí ẹ fẹ́ tẹ̀ di hóró bí oúnjẹ adìyẹ,
kí ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Ìlú Ọba,
kí ẹnì kan níbẹ̀ lè se omi tíì.

N ò bá tíì jà. Èmi náà ń mu ún.
Igi náà ni mo fi ń dáná, sítóòfù nìyẹn:
ẹ̀ka tí ìjì dá, tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ́ wálé.

Ìṣirò ni mo fẹ́ bi ọ́, ìwọ tó kàwé ní Tartu.
Ìlú tó sun ún kọ òdo sílẹ̀,
ó ní ìlú tó gé e ni kó kà á.
Ìlú tó gé e ní, "A ti gbin òmíràn."
Ta ló wá ni èéfín?
Èéfín ò mọ òdo. Òun ń gòkè ni tirẹ̀.

Òmíràn á hù lóòótọ́.
Mo ti rí wọn, wọn ò tíì ga dé orúnkún mi.
Ọgọ́rin ọdún ni wọn ó fi gbé èéfín yẹn mì padà,
bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ kí wọ́n dàgbà.
Ẹ jẹ gbèsè lónìí,
ẹ fi ọmọ tí a ò tíì bí ṣe onígbọ̀wọ́.

Olú ò hù níbẹ̀ mọ́. Òwìwí ti kó lọ.
Bóyá Evald pàápàá ti gba ihò ẹ̀rọ kan jáde ní Ìlú Ọba,
òun tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀.

Kalju ló wa ọkọ̀ tó kó àwọn igi náà.
Ilé-iṣẹ́ yín nìkan ló kù tó ń gbani síṣẹ́.
Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.
Ó ń fi ọṣẹ fọ oje ọwọ́ rẹ̀, kò lọ.

Mu tíì rẹ, ó ti ń tutù.
Bí a bá ń gé igi nínú igbó,
ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.
Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé èmi náà kọjá ní ìkòríta,
Kalju á yọ ọ̀bẹ.
Bi ẹni tó rán ọ wá
ibi tó fẹ́ kó gbẹ́ ẹ sí.