Ihò Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Lu

Ogójì ọdún ni mo fi ń dí ihò
létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, òwú àti ọ̀dà, òwú àti ọ̀dà.
Ibi tí omi bá ti yọjú
ni mo ti ń fi òòlù lé e padà.
Ọkọ̀ tó bá jò, orúkọ mi ni wọ́n máa fi bú.

Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Múínátù, ọmọ ọmọ mi,
gbé gìtá tíṣà rẹ̀ wọlé.
Ọrùn gìtá gùn bí àjẹ̀.
Ọmọ náà na ìka, ó na ìka, ojú rẹ̀ pọ́n,
kò débẹ̀.
"Bàbá, ṣé wọn kì í ṣe kékeré rẹ̀ ni?"
Mo ní wọ́n ń ṣe é.
Irọ́ ni. N ò mọ̀.

Pákó ọ̀gànwó kan wà lẹ́yìn ilé,
ara ọkọ̀ Sálísù ni mo ti gé e
lọ́dún tí ọkọ̀ náà fẹ̀yìn tì.
Omi ti mu ún yó, oòrùn ti gbẹ ẹ́,
títí kò fi sí ìjà kankan nínú rẹ̀ mọ́.
Mo fi ìka kàn án. Ó dáhùn.
Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá igi gbé,
n ò bi í léèrè ohùn rí.

Mo wọn apá ọmọ náà, láti èjìká dé orí ìka,
mo fi ṣe gígùn okùn.
Okùn mẹ́rin péré.
Ìka mẹ́rin ló ní, yàtọ̀ sí àtàǹpàkò,
kí kálukú gbé tiẹ̀.

Tíṣà ní kí n pín gígùn okùn sí ọ̀nà méjìdínlógún,
kí n mú ẹyọ kan kúrò, kí n kan irin síbẹ̀,
kí n tún pín ìyókù sí méjìdínlógún,
kí n tún mú ẹyọ kan,
bí ẹran iléyá nínú agbo ilé ńlá,
tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ ló máa kan ẹni ìkẹyìn.
Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo gé ṣe irin.
Níbi ìkarùn-ún, Sálísù kọjá, ó kí mi, mo dáhùn,
ọwọ́ mi sì yẹ̀ bí ìbú èékánná.
N ò rí i títí góòmù fi gbẹ.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu:
omi gbígbóná, iná, sùúrù,
bí a ṣe ń tẹ pákó ọkọ̀ náà nìyẹn.
Mo dí gbogbo oríkèé rẹ̀ pa.
Gìtá yìí lè léfòó dé Èjìnrìn láìmu omi.
Inú mi dùn. Mo fi ìka kàn án.
Ó dákẹ́ bí àpótí.

Tíṣà rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ihò rẹ̀ ńkọ́?"

Ihò.

Mo da ife tíì dojú dé e láyà, mo fa ìlà yí i ká,
mo mú ayùn wẹ́wẹ́.
Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n nínú ìjì ọ̀sà, ó gbọ̀n.
Bìsìmílà.
Nígbà tí ege pákó náà já bọ́ sínú,
mo dúró, mo ń retí omi.

Afẹ́fẹ́ ló wọlé.

Sálísù fúnra rẹ̀ ló yan okùn nínú àpò ìpẹja rẹ̀:
ti èpìyà ló tín-ín-rín jù, ti ọ̀bọ̀kún ló nípọn jù.
Ó ní kí n má dárúkọ owó.
Múínátù gbé e lé itan, ọwọ́ rẹ̀ dé ibi gbogbo.
Nígbà tó kan irin karùn-ún, gìtá han gooro.
Tíṣà ní a ó tú u. Ọmọ náà fà á mọ́ra:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.
Ohùn Bàbá nìyẹn, tí wọ́n bá ń pè mí wá jẹun."

Lóru, òjò dé.
Ogójì ọdún ló jí mi, kì í ṣe òjò.
Mo wá àkísà, mo lọ fi dí ihò gìtá náà,
mo padà sórí ẹní.
Mo tún dìde lọ yọ ọ́.