Ẹ Máa Gbé Àga Yín Bọ̀

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn náà nìyẹn, ojú ò tì mí:
ẹ wá bá mi jẹun ní Sátidé,
ṣùgbọ́n ẹ máa gbé àga yín bọ̀.
Méjì ni mo ní, ọ̀kan sì ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Mi ò tíì lo oṣù kan ní Òṣogbo.
Àwọn páálí mi ṣì wà ní dídì ní kọ̀rọ̀ yàrá,
bí iná bá sì lọ lóru, ògiri ni mo máa ń fọwọ́ pa títí
bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́.

Múfútàù ló kọ́kọ́ dé, káfíńtà tó tún ilẹ̀kùn mi ṣe.
Kò gbé àga. Àpótí ìjókòó kékeré ló gbé dání,
ọ̀sán ọjọ́ náà ló kàn án, ìyẹ̀fun igi ṣì wà lára rẹ̀.
"Tiyín ni," ó ní. Ó ti wọlé.
Èmi tí mo lẹ́nu bí abẹ, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí irú ìyẹn.
Mo bi í bóyá ó máa ń jẹ ata.

Ìyá Ráfátù tí mò ń pọnmi ní kànga rẹ̀
to àga oníke mẹ́ta léra wọn, ó rù wọ́n,
ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín lé gbogbo rẹ̀ lórí,
ó rìn láti òdìkejì títì dé ẹnu ọ̀nà mi,
kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì rélùwéè,
àga tìmùtìmù inú pálọ̀ rẹ̀ gan-an ló ní kí wọ́n gbé.
Ọmọọmọ rẹ̀ méjì ló rù ú, wọ́n ń làágùn,
òun ń na ọ̀pá sọ́tùn-ún, sósì,
bí ẹni ń darí ọkọ̀ ojú irin wọ ibùdó.

Àdàlú ni mo sè. Àgbàdo rẹ̀ le díẹ̀.
Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Mo ti rò pé èmi nìkan ni àjèjì nínú yàrá náà.
Àṣé ọdún mọ́kànlá ni Múfútàù àti bàbá yìí ti ń kí ara wọn
lójú títì Alẹ́kúwodò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn,
kó tó di alẹ́ yìí tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn
pé Ìragbìjí ni wọ́n ti bí ìyá àwọn méjèèjì,
agboolé tó kọjú síra wọn, lábẹ́ òkè kan náà.
Wọ́n gbàgbé mi. Inú mi dùn.

Ìgbà náà ni bàbá ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè.
"Nọ́ọ̀sì, bá mi wo orúnkún yìí."
Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kó dé,
láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò sì tún un ṣe,
ó dùn létí ju orúkọ iṣẹ́ mi lọ.
Mo wo orúnkún. Ó wú, ó ń dán bí àgbálùmọ̀.
Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Owó orí ni mò ń gbà."

Ṣíbí dúró lẹ́nu.
Múfútàù wo àpótí tó gbé wá, ó wo ojú mi,
bí ẹni ń ṣírò iye tí ìjọba máa bù lára rẹ̀.
Àfi Ìyá Ráfátù tó bú sẹ́rìn-ín, tó fọwọ́ di àyà mú:
"Ẹ dákun, ẹ kó àga mi fún mi, mo fẹ́ máa lọ!"
Kò dìde.
Nígbà tí iná lọ, ẹ̀rín náà ò tíì tán nílẹ̀.
A jókòó sínú òkùnkùn, à ń fọwọ́ tú ewé mọ́ínmọ́ín,
ẹnìkan, mi ò mọ ta ni, ń bu tèmi fún mi.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n gbé àga wọn lọ. Àpótí kù.

Mi ò tíì fọ àwo tán láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀pá fi kan ilẹ̀kùn.
Orúnkún.
Mo ní, "Bàbá, kò mà sí nọ́ọ̀sì níbí."
"Mo mọ̀," ó ní, ó ti jókòó sórí àpótí.
"Ṣùgbọ́n ìwọ lo rí i lánàá.
Wò ó wò, ṣé ó ti lọ sílẹ̀?"